Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ṣé òwe yìí bá ilé ìwé ìròyìn Ouagadougou mu?

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 2025, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé Ibùdó Àwọn Akọ̀ròyìn tí wọ́n fi orúkọ Norbert Zongo sọ ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Ẹni méjì ni wọ́n mú lọ níbẹ̀: Guezouma Sanogo, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n ń pè ní AJB, àti Boukari Ouoba, igbákejì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n tún mú Luc Pagbelguem, akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n BF1, tó gbé ìròyìn ìpàdé ẹgbẹ́ náà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìjọba ti kéde pé kò sí ẹgbẹ́ AJB mọ́ lábẹ́ òfin.

Kí ni wọ́n ṣe? Níbi ìpàdé kan tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, Sanogo dìde, ó sì sọ ní gbangba pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ń kéré sí i ní Burkina Faso, àti pé wọ́n ń gbé àwọn akọ̀ròyìn lọ láìtọ́. Ohun tó sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn náà ló ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá gba iwájú ibùdó náà kọjá lọ́jọ́ náà kò ní rí iná, kò sì ní rí èéfín. Ilé dúró digbí, orúkọ Norbert Zongo náà ló ṣì ń jẹ́. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Láti bí ogójì ọdún ó lé báyìí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́ ní ìlú yìí ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, ilé ni wọ́n sun. Lẹ́yìn náà, ènìyàn ni wọ́n pa. Ní báyìí, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Irú ilé wo ni ilé ìwé ìròyìn?

Ouagadougou kì í ṣe ìlú tó rọrùn fún ìwé. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà á bo gbogbo nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn Mossi àtijọ́ fi ń fi amọ̀ mọ ògiri tó nípọn, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ojú ihò rẹ̀ tóbi, kí inú ilé lè tutù. Nígbà tó yá, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì àti páànù dé, ilé ga sókè, ooru sì wọlé tọ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, ló rán ayé létí pé ọgbọ́n àtijọ́ kò tíì tán. Ilé-ìwé tó kọ́ sí abúlé rẹ̀, amọ̀ ló fi mọ ọ́n. Ó gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín méjèèjì kọjá, kí ooru sì bá a lọ. Ní ọdún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le: ilé tí afẹ́fẹ́ kò bá lè wọ̀ kó sì jáde, ènìyàn kò lè pẹ́ nínú rẹ̀.

Ilé ìwé ìròyìn ní ìlú báyìí ní ohun mẹ́rin tí kò lè ṣe aláìní. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò jókòó sí. Ìsàlẹ̀ ilé ló sábà máa ń wà, nítorí pé ẹ̀rọ náà wúwo, ó sì máa ń mi ilẹ̀ tìtì bó bá ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni yàrá ìròyìn, níbi tí akọ̀ròyìn, olóòtú àti ayàwòrán ti ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ̀kẹta ni yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, tí eruku, omi àti ikán kò gbọdọ̀ dé. Ẹ̀kẹrin ni géètì.

Àwọn ènìyàn kì í sábà ka géètì kún nǹkan, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ ń dúró sí. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ń kó ẹrù wọn sórí alùpùpù ní ìdájí. Ilé ìjọba ń béèrè ẹni tó pè ọ́. Ilé ìwé ìròyìn tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Bóyá ìdí nìyí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń di orúkọ lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ní Ìbàdàn, bí ẹnì kan bá ní òun ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Imalefalafia, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé ọ́fíìsì Nigerian Tribune, ìwé ìròyìn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, ló ń lọ.

Ọdún 1984: ilé ni wọ́n sun

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1973, Édouard Ouédraogo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan sílẹ̀ ní Ouagadougou. L'Observateur ni wọ́n pè é, ìyẹn Awòye. Haute-Volta ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà náà, Ọ̀gágun Sangoulé Lamizana ló sì wà lórí oyè. Ìwé ìròyìn aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 1980 sí oṣù Kẹjọ ọdún 1983, ológun fipá gbàjọba lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀. L'Observateur rí gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjọba tó dé ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983 ni ti Thomas Sankara. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba náà dá ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Sidwaya. Ní èdè Mooré tí àwọn Mossi ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òtítọ́ ti dé. Àwa Yorùbá náà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa òtítọ́ tó dé ọjà. Wọ́n ní ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n sì fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ní Ouagadougou ọdún náà, kí ọjà tóó mọ èyí tí yóò rà, ìsọ̀ kan ti jó. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1984, iná jó ọ́fíìsì L'Observateur. Ìwé ìròyìn náà kò sì jáde mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Áfíríkà ló ń fi Sankara yangàn lónìí, wọn kò sì ṣàdédé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó gbin igi, ó sì kọ ìgbé ayé olówó fún ara rẹ̀ àti fún àwọn mínísítà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn ìgbà náà ní odindi gbọ́dọ̀ sọ pé ìgbà náà kan náà ni ìwé ìròyìn aládàáni tó lórúkọ jù lọ ní ìlú di eérú.

Ọdún 1991 ni ìwé ìròyìn náà tó padà, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ń ṣe òfin àgbékalẹ̀ tuntun lábẹ́ Blaise Compaoré. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Mooré kan kún orúkọ rẹ̀: L'Observateur Paalga. Paalga túmọ̀ sí tuntun. Ó ṣì ń jáde títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, kó sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méje tí kò fi sí Awòye. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984, Haute-Volta di Burkina Faso. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, Burkina Faso àti Màlì bá ara wọn jagun. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1987, wọ́n pa Sankara fúnra rẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tó tóbi yìí, kò sí ìkankan tí L'Observateur kọ ìròyìn rẹ̀. A lè tún ògiri mọ, a lè ra ẹ̀rọ tuntun, a lè kun ilé ní ọ̀dà tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn tí kò jáde lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje. Ibẹ̀ ni òwe náà kò ti bá ilé ìwé ìròyìn mu.

Ọdún 1998: iná kúrò lára ilé, ó bọ́ sára ènìyàn

Norbert Zongo, ọmọ Koudougou, dá L'Indépendant sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ní ọdún 1998, ó ń wádìí ikú David Ouédraogo, awakọ̀ François Compaoré tó jẹ́ àbúrò ààrẹ. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, wọ́n rí òkú Zongo àti ti àwọn mẹ́ta mìíràn nínú mọ́tò tó jóná ní ọ̀nà Sapouy. Ernest àbúrò rẹ̀ wà lára wọn.

Ìgbìmọ̀ olómìnira tó wádìí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ àwọn ọmọ ogun mẹ́fà láti inú ẹ̀ṣọ́ ààrẹ gẹ́gẹ́ bí afurasí. Ẹjọ́ náà kò dé ìparí. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn tó wà ní Arusha dájọ́ pé Burkina Faso kò sa ipá tó yẹ kó sà láti wá àwọn apànìyàn náà kó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Compaoré sì sá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde sígboro ló ti ń ké orúkọ Zongo láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àwọn akọ̀ròyìn kò lè gbé ẹjọ́ náà dé òpin, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi pe ibùdó wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá oníròyìn ṣe ìpàdé ní Ouagadougou, abẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n pa ni yóò jókòó sí. Ilé náà di ẹ̀rí. Nítorí èyí ni mímú tí wọ́n mú Sanogo àti Ouoba níbẹ̀ gan-an ṣe dun àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún 2025: ilé wà, ènìyàn dà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2025, fídíò kan jáde tó fi àwọn akọ̀ròyìn náà hàn nínú aṣọ ológun. Wọ́n ti fi wọ́n sínú ogun. Àṣẹ tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Traoré gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, pé gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ múra ogun, ni ìjọba ń lò láti pe ènìyàn sójú ìjà. Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Wọn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, àwọn ọkùnrin tó dìhámọ́ra lọ gbé Atiana Serge Oulon, olóòtú L'Événement, nílé rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè náà ti rí tiwọn. Wọ́n ti RFI ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n ti France 24 ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n sì dá BBC àti VOA dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìjọba pẹ̀lú. Láti ọdún 2015 ni àwọn agbébọn tó ń lo orúkọ ẹ̀sìn ti ń pa àwọn ará abúlé ní Burkina Faso. Ní ọdún 2023, ìjọba fúnra rẹ̀ kà á pé àwọn tó sá kúrò nílé ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìjọba ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í jókòó jiyàn, àti pé ìròyìn tó bá ba ọkàn ọmọ ogun jẹ́ ń ran ọ̀tá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, kì í ṣe ní Ouagadougou nìkan, ní Bamako àti Niamey pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìgbà ogun gan-an ni ìlú nílò ẹni tí yóò máa ka òkú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Barsalogho, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gbẹ́ kòtò láti dáàbò bo ara wọn. Iye tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ síra wọn gan-an. Ìdílé tó pàdánù bàbá níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ní kí wọ́n lọ gbẹ́ kòtò náà, àti ìdí tí ààbò kò fi tó. Tí kò bá sí ẹni tó lè béèrè, àṣìṣe kan náà lè pa àwọn ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ ogun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí àṣìṣe yẹn lè pa.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1984 àti 2025 nìyí. Ilé tó jó ń pariwo. Ayé rí èéfín, wọ́n béèrè ẹni tó ṣá iná sí i. Ilé tí wọ́n kó ènìyàn inú rẹ̀ lọ kì í pariwo. Ìwé ìròyìn lè máa jáde lójoojúmọ́, kí ojú-ìwé rẹ̀ kún fún ìdíje bọ́ọ̀lù àti ìrìn-àjò mínísítà, kí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ má sì sí. Oníwèé kò ní mọ ohun tí kò kà.

Ṣé tiwa yàtọ̀?

Kí a má ṣe fi ọwọ́ òsì júwe ilé aládùúgbò. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó, wọ́n ba ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì dópin. Lónìí, ilé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ní Òkè-Iléwó ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ Iwe Irohin House. Orúkọ padà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1868 kò lè rí i kà nínú Ìwé Ìròhìn.

Ní Èkó, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ní ọjọ́ kejì ìbọn Lẹ́kì, àwọn tó ń bínú ya lọ sí ọ́fíìsì The Nation àti ti tẹlifíṣọ̀n TVC, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ìjọba kọ́ ló ṣe èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ni pé ilé iṣẹ́ méjèèjì so mọ́ Bola Tinubu. Iṣẹ́ ibi ni, kò sí àwíjàre fún un, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ilé. Síbẹ̀ ó kọ́ àwọn oníwèé ìròyìn ní ohun kan: ilé tí ará ìlú bá gbà pé géètì rẹ̀ kò ṣí fún òun, kò ní dìde gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá dé. Lẹ́yìn ikú Zongo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tú jáde sígboro Ouagadougou. Wọ́n gbà pé tiwọn ni L'Indépendant.

Kí ló kù láti ṣe?

Ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn wọ̀nyẹn ṣì wà lọ́wọ́ ológun, wọ́n ṣí ibojì ńlá tí wọ́n kọ́ fún Thomas Sankara ní Ouagadougou. Kéré ló ya àwòrán rẹ̀, ní àyíká ibi tí wọ́n ti pa Sankara ní ọdún 1987. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá mọyì àwọn tó kú fún un ló ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ìrántí tí ìjọba kọ́ ń sọ ohun tí ìjọba fẹ́ rántí. Ilé ìwé ìròyìn ló ń tọ́jú ìyókù.

Ohun mẹ́ta wà tí kò dúró de ìjọba. Èkínní, kí àwọn ilé ìwé ìròyìn Ouagadougou ya fọ́tò ojú-ìwé wọn àtijọ́, kí wọ́n kó ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí òkèèrè, sí Dakar, sí Cotonou, sí àwọn yunifásítì tó bá fẹ́ gbà á. Iná tàbí àṣẹ kò lè dé ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ní Nàìjíríà, Benin àti Togo má ṣe jẹ́ kí orúkọ àwọn tí wọ́n mú di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa tí à ń kà. Bí ìwé ìròyìn bá dé ọwọ́ wa, kí a béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, nítorí pé ọba wà níbẹ̀ tí yóò tún un kọ́. Ní Ouagadougou, ilé ìwé ìròyìn kò jó lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tí yóò jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n sì kọ̀wé láìbẹ̀rù ló yẹ kí a máa kà lójoojúmọ́, kí a mọ iye tó kù.